Ọ̀gá Tí Ó Mọ Iṣẹ́ Àti Ọ̀gá Tí Ó Mọ̀ Ọ́n Kọ́

Kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Ọ̀gá mélòó ni ẹ mọ̀, ì báà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ní ọ́fíìsì ìjọba tàbí ní báńkì, tí ó lè pe ọmọṣẹ́ rẹ̀ lónìí kí ó sì wí fún un pé, “Nígbà tí oṣù yìí bá fi parí, ohun báyìí ni mo fẹ́ kí ìwọ nìkan lè ṣe láìjẹ́ pé mo dúró tì ọ́”? Bí ẹ bá rí méjì nínú ogún, ẹ dúpẹ́. Àwọn tí ó kù, “Múra síṣẹ́” ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ọmọ yóò ní, “Ẹ ṣé, sà,” ọ̀gá yóò jókòó padà, ọmọ yóò padà sí ìdí ohun tí ó ń ṣe, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀.

Kí tilẹ̀ ni ìmúra? Ìmúra kò ní òṣùwọ̀n. Ọmọbìnrin tí ó gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ní kùtùkùtù, tí ó pọn omi kún ìkòkò ní ilé ọ̀gá, tí ó gbé ọmọ ọ̀gá pọ̀n títí di ọ̀sán, òun náà ti múra. Bí alẹ́ bá lẹ́, yóò rẹ̀ ẹ́ bí ó ti í rẹ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún mẹ́ta bá pé, tí àwọn òbí rẹ̀ ti yá owó fírídọ̀ọ̀mù, tí wọ́n ti se ìrẹsì, tí wọ́n ti ya àwòrán, tí ọ̀gá sì ti fi àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́ níwájú gbogbo àlejò, ní ọjọ́ kejì ni oníbàárà àkọ́kọ́ yóò gbé ánkárá dé. Ọmọ yóò máa wo aṣọ, aṣọ yóò máa wo ọmọ. Mo ti jókòó níbi irú àpèjẹ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n ní kí a wá ṣe àdúà. A ṣe àdúà náà tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò kọ́ bí a ti í gé ọrùn aṣọ kò lè fi àmín gé e.

Ẹ má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni èyí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá a máa pe olùkọ́ kan wá láti Èkó tàbí láti Àbújá. Wọn a gba gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì, olùkọ́ a wọ kóòtù, a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ a rẹ́rìn-ín, wọn a jẹun, olúkúlùkù a gba sátífíkéètì rẹ̀ lọ sílé. Bí ó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè, fáìlì tí ó ti wà lórí tábìlì láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ibẹ̀ náà ni yóò ṣì wà. Ọ̀rọ̀ ọmọ télọ̀ àti ọ̀rọ̀ ọmọ ọ́fíìsì, ọ̀kan náà ni. A kò gé iṣẹ́ sí ìwọ̀n tí ọwọ́ rẹ̀ lè ká, a kò dá ọjọ́ fún un, ẹni tí ó ní òun ń kọ́ ọ kò sì dúró wò ó bí ó ti ń ṣe é.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún àwa ará Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè àti fún gbogbo Èkìtì lápapọ̀, nítorí àwọn baba wa ti mọ ọ̀nà rẹ̀ kí sẹ́mínà tó dé ayé. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn iṣẹ́ igi gbígbẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá mọ orúkọ ìlú wa. Láti inú ẹbí Adéṣínà ni Agbọ́nbíọ̀fẹ́ ti wá, ẹni tí ó kú ní 1945, òun ni ó gbẹ́ àwọn òpó ààfin Aláàyè: jagunjagun lórí ẹṣin, abiyamọ pẹ̀lú ọmọ. Ọlọ́wẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n bí i sí kí ó tó lọ tẹ̀dó sí Ìsẹ̀ lọ́dọ̀ Arínjalẹ̀. Ó kú ní 1938. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá ti Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924. Ilẹ̀kùn náà kò padà wálé mọ́. British Museum ni ó wà títí di òní, àga ọba kan tí àwọn Òyìnbó ṣe ni Ògògà gbà dípò rẹ̀. Bóyá Ògògà jèrè níbẹ̀ tàbí kò jèrè, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn ará Ìkẹ́rẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ti máa bi ara wọn pé kí ni ó kan òṣìṣẹ́ mọ́sálásí nínú ọ̀rọ̀ ère. Ọ̀rọ̀ ère kọ́ ni mo ń sọ. Ọ̀rọ̀ bí a ti ń kọ́ ènìyàn níṣẹ́ ni mo ń sọ, èmi kò sì tíì rí ibi tí wọ́n gbé ṣe é dára ju ibẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ bí ó ti rí. Igi gbígbẹ́ láàárín wa ní ìpele mẹ́rin, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ tirẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni ọnà lílé. A ó fi àáké lé ìtì igi títí a ó fi rí ibi tí orí yóò gbé wà, ibi tí ara yóò dé àti ibi tí ẹsẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Tí ó tẹ̀ lé e ni àlétúnlé, níbi tí ojú, etí, ọwọ́ àti ìjánu ẹṣin yóò ti yọ jáde lára ohun tí ó ti dà bí kùkùté. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí a ó fi irin àti ọ̀bẹ fá gbogbo ojú igi kí ó lè jọ̀lọ̀. Fífín ni ó kẹ́yìn: ọ̀bẹ ẹnu mímú ni a fi ń fín irun orí, ilà ojú àti ọnà wẹ́wẹ́ ara aṣọ. Àlùfáà Kátólíìkì kan tí ń jẹ́ Kevin Carroll, tí ó bá àwọn agbẹ́gilére wa gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti kọ àwọn ìpele wọ̀nyí sínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1967.

Ọ̀gá ni ó sábà máa ń lé igi, nítorí igi tí a bá ṣì lé, kò sí ohun tí dídán lè ṣe sí i mọ́. Bí orí bá ti kéré ju ara lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹ dán an kí ó máa kọ mànà, orí kékeré náà ni yóò jẹ́. Àwọn tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni ó ń bá ọ̀gá dá sí àlétúnlé. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀gá a gbé èyí tí a ti lé tí a sì ti tún lé fún un pé kí ó dán ìhà kan. Ẹ fi ara balẹ̀ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí. Wọn kò sọ fún ọmọ pé, “Lọ mọ igi gbẹ́.” Wọ́n ní, “Ẹ̀yìn ẹṣin yìí ni kí o dán.” Iṣẹ́ náà ní ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ní ibi tí ó parí sí. Ọmọ fúnra rẹ̀ lè fi àtẹ́lẹwọ́ ra á kí ó mọ̀ bóyá ó ti dán tàbí kò tíì dán, kí ọ̀gá tó sọ̀rọ̀. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, àṣìṣe kékeré ni, kò lè ba gbogbo òpó jẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, iṣẹ́ gidi ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òpó tí yóò gbé òrùlé ọba ró ni. Kì í ṣe igi ìdánwò tí a ó kó dà sínú iná bí ilẹ̀ bá ṣú.

Ní 1947, Carroll àti ẹnìkejì rẹ̀, Father O'Mahony, dá ilé-iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọyẹ́, ní Èkìtì wa níhìn-ín, ilé-iṣẹ́ náà sì wà títí di 1954. Wọ́n pe agbẹ́gilére kan síbẹ̀ láti máa ṣe ọ̀gá, Bándélé ọmọ Àreògún ará Ọ̀sì. Ní nǹkan bí 1949 ni ọ̀dọ́mọkùnrin Mùsùlùmí kan, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, dé ọ̀dọ̀ Bándélé láti kọ́ iṣẹ́. Làmídì Fákẹ́yẹ ni orúkọ rẹ̀. Ilé àwọn agbẹ́gilére ni wọ́n bí Làmídì sí, ó sì ti ń di irin iṣẹ́ mú lọ́dọ̀ baba rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ẹlòmíràn ìbá sọ pé òun ti mọ iṣẹ́, kí ni òun tún ń kọ́? Síbẹ̀ ọdún mẹ́ta gbáko ni Làmídì fi jókòó lábẹ́ Bándélé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ènìyàn níṣẹ́ rí, ẹ mọ̀ pé ẹni tí kò mọ nǹkan kan kò nira láti kọ́ tó ẹni tí ó ti mọ díẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ díẹ̀ ni yóò máa sọ pé, “Báyìí kọ́ ni wọ́n ti í ṣe é níbi tí mo ti ń bọ̀.” Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń wá lára olùkọ́ iṣẹ́ ni pé kí ó lè wo iṣẹ́ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì mọ ibi tí ó gbé ti dé gan-an, kí ó tó dá iṣẹ́ fún un. Olùkọ́ tí ń kó ìwé kan náà kiri láti Ìjerò dé Àràmọ̀kọ, láti ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì dé ọ̀dọ̀ àwọn akọ̀wé káńsù, tí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè pé kí ni ó ṣòro fún ọ, ọjà ni ẹni náà ń tà.

Ẹ má gbàgbé ibi tí Làmídì dé. Ilẹ̀kùn ilé ìsìn àwọn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn wà lára iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Mùsùlùmí ni. Láti 1978 ni ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yunifásítì Ifẹ̀, òun náà ni ó sì gbẹ́ ère Odùduwà tí ó wà níbẹ̀, ní 1987. Àjọ UNESCO dá a lọ́lá ní 2006. Ó kú ní oṣù December 2009. Nínú ilé-iṣẹ́ Ọyẹ́ yẹn, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni wọ́n jùmọ̀ ń ṣiṣẹ́, Carroll kò sì fi dandan lé e pé kí agbẹ́gilére kankan yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà.

Mo tún fẹ́ kí ẹ gbọ́ nípa Bándélé fúnra rẹ̀. Àreògún baba rẹ̀, tí ó kú ní 1954, wà lára àwọn tí ó mọ igi gbẹ́ jù lọ ní gbogbo ìhà Èkìtì àti Ìgbómìnà. Ẹ ó rò pé ẹsẹ̀ baba rẹ̀ ni Bándélé yóò ti kọ́ṣẹ́. Rárá o. Ọ̀dọ̀ Òṣàmúkò ni ó ti kọ́ ọ, ẹni tí ó ti jẹ́ ọmọṣẹ́ Àreògún rí. Àṣà wa ni pé a máa mú ọmọ lọ fún ẹlòmíràn kọ́: bí baba bá nà án, ìyá rẹ̀ yóò sunkún, bí baba kò bá nà án, kò ní mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo rò pé nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹgba. Ẹni tí ó ti mọ iṣẹ́ dé góńgó láti ọjọ́ pípẹ́ ti gbàgbé ohun tí ó ṣòro fún un ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣe é kí ọkàn rẹ̀ tó rò ó. Bí o bá bi í pé, “Báwo ni ẹ ṣe ṣe é?” yóò ní, “Ṣé o kò rí i ni?” Òun rí i, ìwọ kò rí i. Ẹni tí ó ti jẹ́ ọmọṣẹ́ láìpẹ́ ni ó ṣì rántí ibi tí ọ̀bẹ ti máa ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn.

Nítorí èyí ni mo fi ń bẹ̀ ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ pé kí ẹ yé fi ẹni tí ó mọ iṣẹ́ jù lọ ṣe olùkọ́ láìwo nǹkan mìíràn. A rí akọ̀wé owó tí kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá béèrè ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ rẹ̀, yóò gba ìwé náà kúrò lọ́wọ́ ọmọ, yóò sì bá a ṣe é. Ẹ̀yin náà ẹ mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Inú rere ni ó fi ṣe é, iṣẹ́ ọjọ́ náà a sì parí. Ọmọ náà ni kò ní mọ iṣẹ́ náà títí láé. Kí olùkọ́ lè ká ọwọ́ ara rẹ̀ kò nígbà tí iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ń lọ ségesège níwájú rẹ̀, ìwà kan ni ìyẹn tí kì í sí nínú sátífíkéètì.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́ ọgbọ́n yìí nígbà tí ojú pọ́n wọn. Ní ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ń lọ sójú ogun, àwọn tí kò dé ìdí ẹ̀rọ rí ń wọ ilé-iṣẹ́. Ìjọba dá ètò kan sílẹ̀ ní 1940, Training Within Industry ni wọ́n pè é, wọ́n sì fi í kọ́ àwọn fómáànù bí a ti ń kọ́ ènìyàn níṣẹ́. Nígbà tí ogun fi parí ní 1945, àwọn tí ó ti gba ẹ̀kọ́ náà ju mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn kò ṣe àjèjì sí ọmọ Ẹ̀fọ̀n. Fọkàn ẹni náà balẹ̀, kí o sì wádìí ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣe iṣẹ́ náà lójú rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Jẹ́ kí òun náà ṣe é, kí ó máa sọ ìdí rẹ̀ fún ọ bí ó ti ń ṣe é. Lẹ́yìn náà, fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n máa padà wá wò ó. Bí ọmọ kò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀rùn olùkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà sí. Lẹ́yìn ogun, àwọn ará Jàpáánù mú ètò yìí lọ sí ilẹ̀ wọn, ilé-iṣẹ́ Toyota sì wà lára àwọn tí ó fi í ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ti fẹ́rẹ̀ gbàgbé rẹ̀ nígbà náà.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìwọ̀n iṣẹ́ wàyí, èyí tí àwọn ọmọ ayé òde òní ń pè ní tágẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ohun tuntun. Alágbàṣe tí ó lọ kọ ebè, igba ebè ni a fi ń ka iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe pé a ní kí ó lọ “múra”. Ó mọ iye tí ó kù kí ó tó jẹun. Àwa tí a ti ilé kéú wá, a mọ ti wàláà. Àlùfáà yóò kọ ọ́ síbẹ̀, ìwọ yóò kà á títí, o kò sì gbọ́dọ̀ fọ wàláà náà títí o ó fi lè kà á lórí fún un. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé a gba ẹsẹ púpọ̀, èyí tí kò yára a gba díẹ̀. Nínú ilé kéú kan náà, lábẹ́ igi kan náà, ọmọ ogún lè wà ní ibi ogún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ojú àlùfáà sì wà lára gbogbo wọn. Mo ti lọ sí sẹ́mínà tí a ti pé ọgọ́ta, ibi kan náà ni wọ́n sì kó gbogbo wa sí.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti dán ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí wò. Edwin Locke, ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan ní 1968 tí ó fi hàn pé ẹni tí a fún ní ìwọ̀n tí ó ṣe pàtó, tí ó sì gba agbára díẹ̀, a máa ṣe dáadáa ju ẹni tí a sọ fún pé kí ó ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ bá mọ. Gary Latham àti Baldes wá dán an wò láàárín àwọn awakọ̀ agégẹdú ní Oklahoma, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1975. Nínú ìwọ̀n ẹrù 100 tí òfin gbà fún wọn, 60 péré ni àwọn awakọ̀ náà ń rù. Wọ́n ní kí wọ́n rù ú dé 94. Wọn kò fi owó kún owó wọn, wọ́n sì sọ fún wọn pé ẹni tí kò bá lè dé ibẹ̀ kò ní jìyà. Ní oṣù kìíní, ẹrù náà lọ sókè. Ní oṣù kejì, ó tún wálẹ̀, nítorí àwọn awakọ̀ ń dán àwọn ọ̀gá wò bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ pé kò sí ìyà. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí ẹni tí ó bá wọn wí, ẹrù náà gòkè lọ sí 90, ó sì dúró síbẹ̀.

Oṣù kejì yẹn ni ó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn náà. Kì í ṣe iye náà nìkan ni ó gbé ẹrù sókè. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá tí kò yẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní báńkì Wells Fargo ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀gá ní kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní irú ìwé ìṣúra mẹ́jọ lọ́dọ̀ báńkì náà, wọ́n sì ń fi ìyẹn dún mọ̀huru mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́. Níbo ni òṣìṣẹ́ yóò ti rí oníbàárà tí ó nílò mẹ́jọ? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ìwé ní orúkọ ènìyàn tí kò béèrè. Nígbà tí àṣírí tú ní 2016, wọ́n rí ìwé bẹ́ẹ̀ tí ó tó mílíọ̀nù méjì, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tó 5,300, owó ìtanràn tí ìjọba bù fún báńkì náà sì jẹ́ mílíọ̀nù 185 dọ́là. Àwọn ọmọ wa náà wà ní báńkì níhìn-ín tí wọ́n ń wí fún wọn pé kí wọ́n mú mílíọ̀nù báyìí báyìí wá nínú oṣù. Ọmọbìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, tí kò mọ olówó kankan ju ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ, yóò máa ti ọ́fíìsì olówó kan bọ́ sí ti òmíràn. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ọmọ yín léèrè bí ó ti ń rí owó náà. Ẹ bi í pẹ̀lú sùúrù. Ìwọ̀n tí a kò kọ́ ènìyàn ní ọ̀nà tí yóò gbà dé ibẹ̀, pańpẹ́ ni a dẹ fún un, bí ọmọ bá sì kó sínú rẹ̀, òun nìkan kọ́ ni ó dẹ́ṣẹ̀.

Kí a wá padà sí ilé ara wa. Bí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ lọ síbi iṣẹ́, ìwé àdéhùn ni ẹ sábà ń kọ, iye owó àti iye ọdún ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún ọ̀gá pé kí ẹ jùmọ̀ kọ ohun tí ọmọ yóò lè dá ṣe ní oṣù kẹfà, ní ọdún kan àti ní ọdún kejì. Ti télọ̀, ẹ lè kọ ọ́ pé: ní oṣù kẹfà kí ó lè rán yẹ̀rì délẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́, ní ọdún kan kí ó wọn ènìyàn kí ó sì gé búláòsì rẹ̀. Ọ̀gá mìíràn yóò bínú pé ẹ fẹ́ kọ́ òun ní iṣẹ́ òun. Ẹ jẹ́ kí ó bínú. Ọ̀gá rere kò ní bínú, nítorí ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kàn bá a kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-iṣẹ́ tiyín, ẹ jẹ́ kí ń rán yín létí pé ìjọba Nàìjíríà dá Industrial Training Fund sílẹ̀ ní 1971 nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Jọ́ọ̀sì ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Gẹ́gẹ́ bí òfin tí wọ́n tún ṣe ní 2011, ilé-iṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún tó mílíọ̀nù 50 náírà, ni ó ní láti máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò náà. Bí ó bá sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ, ó lè gba owó padà, tí ó lè tó ìdajì ohun tí ó san. Ọ̀pọ̀ ni ó ń san tí kò sì béèrè rárá. Àwọn mìíràn ń pe olùkọ́ kan ṣáá kí wọ́n lè rí ìwé tí wọ́n ó fi béèrè owó padà. Ìyẹn náà kò dára.

Nígbà tí olùkọ́ iṣẹ́ bá dé iwájú yín, tí ó ti gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì tí ó sì ń sọ iye owó rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ohun tí òṣìṣẹ́ yín yóò lè ṣe ní ọjọ́ Mọ́ńdè tí kò lè ṣe ní ọjọ́ Fúráìdè. Ẹ má gba “yóò ní ìmọ̀” tàbí “ojú rẹ̀ yóò là”. Ẹ ní kí ó dárúkọ nǹkan tí a lè fojú rí: lẹ́tà tí a kọ tán, àkọsílẹ̀ owó tí ó gún, abẹ́rẹ́ tí a fún aláìsàn tí kò wú. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ wá wo ibi iṣẹ́ yín ní ọjọ́ kan kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó rí wọn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ bi í bí àwọn òṣìṣẹ́ yóò ti pọ̀ tó nínú yàrá, àti bóyá ọwọ́ tiwọn ni yóò ṣiṣẹ́ àbí ẹnu tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bi í ní ọjọ́ tí yóò padà wá, lẹ́yìn oṣù kan, láti wo ohun tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú ẹ̀kọ́ náà. Bí ó bá ní òun kò ní ààyè láti padà, ẹ fún un ní omi tútù mu, ẹ fún un ní owó ọkọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì lọ wo inú ilé-iṣẹ́ yín bóyá Òṣàmúkò kan ti wà níbẹ̀ tí ẹ kò tíì bi léèrè ohunkóhun.